Òṣùwọ̀n Ò Mọ Gbogbo Rẹ̀: Ìdárayá, Ìsanra àti PCOS Lára Obìnrin

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi obìnrin jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń sunkún. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ láti ilé wa dé ọ̀nà ńlá, tó sì ń rìn padà. Kílò 91 ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kílò 90 ni òṣùwọ̀n sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wò ó, kílò kan ṣoṣo. Kí ni mo wá ń jí sí?"

Mo bi í pé, "Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?" Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní ó wá lóṣù tó kọjá, ó sì tún wá lọ́sẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, oṣù márùn-ún ló fi wá a tì. Kò tíì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn rárá. Kílò ni gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lára.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rò pé bó ṣe rí fún un ni yóò rí fún gbogbo obìnrin, torí ara ò jọra. Àmọ́ omijé yẹn ló mú mi kọ èyí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń jáwọ́ nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so èso. Wọ́n á sọ fún wọn ní ọsíbítù pé kí wọ́n lọ dín ara kù. Kò ní sẹ́ni tó máa jókòó tì wọ́n, kó ṣàlàyé ohun tí ìdárayá ń ṣe nínú ara ẹni tó ní PCOS bíi ti àbúrò mi, ìyẹn àìsàn họ́mónù tó ń da nǹkan oṣù obìnrin rú. Ohun tó ń ṣe ju dídín kílò kù lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n ò sì lè rí.

Orúkọ tó ń ṣi èèyàn lọ́nà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. PCOS ni wọ́n gé polycystic ovary syndrome kúrú sí. Ẹni tó bá túmọ̀ orúkọ yẹn bó ṣe wà, ohun tó máa gbọ́ ni pé kókó olómi ti kún ilé ẹyin òun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń ti ibi tí wọ́n ti ya síkáànì jáde pẹ̀lú ẹ̀rù, tí wọ́n ń bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn láti yọ ọ́. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ. Kì í ṣe ìjù, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tí síkáànì ń rí ni àwọn àpò kéékèèké tí ẹyin obìnrin ń gbé inú wọn dàgbà. Lóṣooṣù, mélòó kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ọ̀kan á yọrí láàárín wọn, á gbó, á bẹ́, ẹyin inú rẹ̀ á sì jáde. Lára ẹni tó ní PCOS, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé agbede méjì ọ̀nà, wọ́n á dúró síbẹ̀. Kò sí èyí tó yọrí. Wọ́n á kàn tò jọ síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹyin ò bá jáde, nǹkan oṣù ò ní wá lásìkò.

Dókítà méjì ní Chicago, Irving Stein àti Michael Leventhal, ló kó ọ̀rọ̀ àìsàn yìí jọ sínú ìwé lọ́dún 1935, látara obìnrin méje tí wọ́n tọ́jú. Ilé ẹyin ni wọ́n tẹjú mọ́, ibẹ̀ náà sì ni ojú gbogbo ayé wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di nǹkan bí ọdún 1980 kí àwọn oníṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé insulin, họ́mónù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, orúkọ àtijọ́ sì ti dúró.

Lónìí, nǹkan mẹ́ta ni dókítà ń wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe fẹnu kò sí i ní Rotterdam lọ́dún 2003. Àkọ́kọ́ ni nǹkan oṣù tó ń ségesège. Èkejì ni àmì pé họ́mónù akọ ti pọ̀ jù lára, yálà ó hàn síta bí irùngbọ̀n àti irorẹ́ tàbí inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀kẹta ni ilé ẹyin tí àwọn àpò kéékèèké wọ̀nyẹn kún inú rẹ̀. Bí méjì bá pé nínú mẹ́ta, tí wọ́n sì ti rí i dájú pé kì í ṣe thyroid, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tó ń ṣe họ́mónù, tàbí prolactin, họ́mónù tó ń mú omi ọyàn wá, ló ń dà á láàmú, PCOS nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé ìsanra ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pé, wọn kì í sì í lo síkáànì láti fi dá a mọ̀, torí ilé ẹyin ọmọdé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè rí bẹ́ẹ̀ náà.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú obìnrin 100 tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí, PCOS wà lára nǹkan bí 10 sí 13, àti pé ó lè tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in tí kò mọ̀ pé àwọn ní in.

Akéde tó ń pariwo

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ẹyin sílẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ insulin, torí ẹni tí kò bá yé, ọ̀rọ̀ ìdárayá ò lè yé e.

Bí ẹ bá jẹ ẹ̀bà, búrẹ́dì tàbí ìrẹsì, ara á sọ ọ́ di ṣúgà, ṣúgà á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kó tètè wọ inú iṣan, ìyẹn ẹran tó dì mọ́ eegun wa ní itan, ní ìdí, ní ẹ̀yìn àti ní apá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná an jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. Insulin ni akéde tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń lu agogo pé, "Ṣúgà ti dé o, ẹ ṣílẹ̀kùn!" Iṣan á gbọ́, á ṣílẹ̀kùn, ṣúgà á wọlé. Ọ̀rọ̀ parí.

Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, etí iṣan ti di. Akéde kígbe, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ara á wá rán akéde sí i, wọ́n á fi agogo kún agogo, títí iṣan yóò fi ṣílẹ̀kùn. Ṣúgà wọlé lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí àyẹ̀wò ṣúgà fi lè máa dára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ariwo yẹn ni ìṣòro. Àdúgbò kan náà ni ilé ẹyin ń gbé, etí tirẹ̀ ò sì di. Gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa nítorí iṣan ló ń gbọ́, ohun tó sì ń ṣe bó bá ti gbọ́ ọ ni pé ó ń pèsè họ́mónù akọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Gbogbo obìnrin ló ní họ́mónù akọ díẹ̀ lára, kò sí aburú níbẹ̀. Testosterone ni èyí tí èèyàn mọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ sì ń ṣe èròjà kan tó máa ń di testosterone mú, kó má baà rìn fàlàlà káàkiri ara. Insulin tó pọ̀ lápọ̀jù tún ń dín èròjà adènilọ́wọ́ yìí kù. Ilé ẹyin ń ṣe púpọ̀, ẹ̀dọ̀ ò sì dè é mọ́lẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n ti ń yọ, ibẹ̀ ni irorẹ́ tí kò gbóògùn ti ń wá, ibẹ̀ ni irun àárín orí ti ń fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹyin ti ń dúró ní agbede méjì ọ̀nà.

Àní awọ ara pàápàá ń gbọ́ ariwo náà. Ẹ ti rí ọmọbìnrin tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú, tó nípọn díẹ̀, tó rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán, tí abíyá náà sì rí bẹ́ẹ̀? Ìyá rẹ̀ á mú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú, á máa bó o lọ́rùn, á ní kò mọ ìwẹ̀ ẹ́ wẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Insulin tó pọ̀ jù ló sábà máa ń fà á. Ọmọ náà nílò àyẹ̀wò, kì í ṣe kànrìnkàn. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rántí iye ọmọ tí wọ́n ti bú nítorí ọrùn wọn.

Ṣé ìsanra ló fà á?

Èyí ni ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń dáhùn láì tíì bi wọ́n. Ẹ dé òde àríyá kan báyìí, ìbátan kan á wo obìnrin láti òkè délẹ̀, á ní, "O ti sanra jù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o ò fi tíì rí oyún ní." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Kò mọ̀.

Àwọn obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ní PCOS, tí etí iṣan wọn sì di bákan náà. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, torí kò sẹ́ni tó rò ó sí wọn. Àìsàn náà a sì máa rìn nínú ẹbí, ó lè wà lára ìyá àti ọmọ, lára ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tó ní in kọ́ ló fi àwo oúnjẹ fà á.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ pé ìsanra ò kan ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rá, pàápàá èyí tó ń gbá jọ sínú ikùn yí ìfun ká, máa ń mú kí etí iṣan di sí i. Insulin tó pọ̀ sì ń sọ fún ara pé kó máa tọ́jú ọ̀rá, kó má ná an. PCOS ń ti ìsanra, ìsanra ń ti PCOS. Adìyẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nítorí náà, ẹni tó sanra tó sì lè dín díẹ̀ kù, ó máa jàǹfààní, kò sì ní kó di tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó rí i. Ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara tó fún ọ̀pọ̀ láti rí ìyàtọ̀ nínú insulin wọn àti nínú nǹkan oṣù wọn. Fún ẹni tó jẹ́ kílò 90, ìyẹn ò ju kílò mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ni pé ó wúlò, ohun mìíràn ni pé ó rọrùn. Ìlànà àgbáyé lórí PCOS tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Monash ní Australia ṣáájú nínú rẹ̀, kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbangba pé kí wọ́n yé fi ọ̀rọ̀ ìsanra gún obìnrin lára, kí wọ́n sì gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí àwọn ìbátan wa ní òde àríyá gbọ́ ìlànà yẹn.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí o.

Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, kì í dúró de akéde. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ṣúgà ló fi ń ṣe é, ó sì ń fẹ́ sí i kíákíá. Ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, ká pè é ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ṣúgà á sì máa gba ibẹ̀ wọlé láìsí agogo, láìsí ariwo. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nínú itan yín nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Kódà ẹni tí etí iṣan rẹ̀ di pátápátá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣì ń ṣí.

Kò sì tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí, tí ẹ ti wẹ̀, tí ẹ ti jókòó, etí iṣan á ṣì là díẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì. Bí akéde bá kígbe lásìkò yẹn, ohùn jẹ́jẹ́ tó. Ariwo dínkù ládùúgbò, ilé ẹyin ń sinmi. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, etí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn láìṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe é ní Sátidé nìkan, tó wá jókòó láti Sunday títí di Friday, ó ti ṣe dáadáa ní Sátidé, àmọ́ nígbà tó bá fi máa di Tuesday, akéde ti tún ń pariwo.

Ẹ wá wò ó: nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, èwo ni òṣùwọ̀n lè rí? Kò sí ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí, kílò ò yí padà. Etí là, kílò ò yí padà.

Kí wá ló dé tí kílò fi ń ṣagídí báyìí? Ìṣirò rẹ̀ ò ṣòro. Ẹni tó tó bíi kílò 75, tó rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kálórì tó máa ná ò ju nǹkan bí 140 lọ. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan tó nǹkan bí 200. Ọ̀kan tó bá mu bó ṣe ń dé nítorí òùngbẹ ti gba gbogbo rẹ̀ padà, ó sì tún fi èlé lé e. Yàtọ̀ síyẹn, ebi a máa pa ẹni tó ń dárayá, á jẹun díẹ̀ sí i láì mọ̀. Iṣan rẹ̀ ń pọ̀ sí i, iṣan sì ní ìwúwo tirẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ara á gba omi dúró, kílò kan tàbí méjì lè gòkè fún ọjọ́ mélòó kan kó tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn olùwádìí tó ti kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ rí ohun kan náà: ìdárayá nìkan, láìfọwọ́ kan oúnjẹ, kì í dín kílò kù púpọ̀ lára obìnrin tó ní PCOS. Àmọ́ ó ń mú kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára, ìbàdí ń fà wọlé, insulin sì ń wálẹ̀, pàápàá bí ìdárayá náà bá le díẹ̀. Ẹni tó bá gbójú lé òṣùwọ̀n nìkan máa sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ohun tí ìlànà 2023 yẹn sọ ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le, kí èèyàn sì fi iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ọjọ́ méjèèjì ò ní tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí kílò dínkù, kó ṣe èyí tó mọ níwọ̀n tó ìṣẹ́jú 250 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Wọ́n tún sọ pé kò sí irú ìdárayá kan tó ju òmíràn lọ fún PCOS, pé èyí tí obìnrin lè máa ṣe nìṣó ni kó ṣe. Mo fara mọ́ ìyẹn tọkàntọkàn, torí mo ti rí àwọn tó sanwó ọdún kan sí ilé ìdárayá, tí wọn ò lọ ju ọ̀sẹ̀ méjì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó mọ níwọ̀n? Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ó mọ níwọ̀n. Bí ẹ ò bá lè sọ ju gbólóhùn kan kí ẹ tó mí, ó le. Bí ẹ bá ń kọrin lọ ràì, ẹ yá ẹsẹ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ iṣan ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń sá fún, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ di géńdé ọkùnrin. Kò lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ṣúgà ni iṣan, bí ilé náà bá ṣe tóbi tó ni àyè ṣe máa pọ̀ tó fún ṣúgà láti wọ̀. Ẹ ò sì nílò irin. Ẹ gbé àga ìdáná, èyí tó lágbára tí kì í mì, ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín jìnnà síra bí èjìká ṣe fẹ̀, ẹ na ọwọ́ síwájú. Ẹ rọra bọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, ẹ kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ìdí yóò fi kan àga fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má jókòó. Ẹ dìde padà, kí gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa. Ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí itan yín bá ń gbọ̀n díẹ̀ ní ìkẹ́yìn, ẹ ti ṣe é. Bí orúnkún bá dunni, ẹ fi ìrọ̀rí lé orí àga kó lè ga sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fọwọ́ tì í, ẹ máa tẹ apá kí ẹ sì máa nà án. Ẹni tó bá ń gún iyán fún ilé èèyàn mẹ́fà ti mọ ohun tí mò ń sọ ní apá àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ijó wà níbẹ̀. Fífo okùn wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ilé tó bá mú èèyàn mí gúlegúle wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló dáa fún obìnrin láti máa dá rìn ní ìdájí, ẹ má fi ara yín wéwu nítorí PCOS. Pálọ̀ yín tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ ohun tó kéré jù lọ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àsìkò tí ṣúgà ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún un.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kíákíá: kò sí oúnjẹ PCOS kankan. Ìlànà yẹn sọ gbangba pé kò sí irú ètò oúnjẹ kan tó borí èkejì. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún un, ẹ fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ má jẹ iyán mọ́ láéláé ò ran yín lọ́wọ́. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ikùn tó sì ń mú èèyàn rù, púpọ̀ nínú wọn ń ya èèyàn nígbẹ́ ni. Omi ló ń jáde, ọ̀rá ò jáde.

Ẹni tó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó wá ń sáré lójoojúmọ́ tí kò sì jẹun tó, lè pàdánù nǹkan oṣù rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan. Iṣẹ́ iṣan àti oúnjẹ tó péye ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ebi.

Ohun tí ìdárayá ò lè ṣe

Bí nǹkan oṣù bá ti kọjá oṣù mẹ́ta láì wá, tí kì í sì í ṣe oyún, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má fi ìrìn rọ́pò rẹ̀. Awọ inú ilé ọmọ tó yẹ kó máa wálẹ̀ lóṣooṣù á máa nípọn sí i, bó bá sì pẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, ó lè bí jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Oògùn họ́mónù wà tó ń dáàbò bò ó. Metformin wà fún etí iṣan tó di. Fún ẹni tó ń wá ọmọ, letrozole ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò láti mú ẹyin jáde, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS ló sì ń bímọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní gúlúkóòsì gíráàmù 75 mu tí wọ́n á sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí méjì, torí ó máa ń rí ohun tí àyẹ̀wò òwúrọ̀ lásán ò rí. Bí ọkàn yín bá sì wúwo lójoojúmọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà náà. Ìrẹ̀wẹ̀sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ní PCOS, ó nítọ̀ọ́jú.

Ohun kan tí wọn kì í ráyè sọ: ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí nǹkan oṣù tó padà. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kò lè tètè lóyún, tó wá ń dárayá, tó sì rò pé òun ò nílò ìfètòsọ́mọbíbí, oyún lè dé bá a láìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ oyún ní báyìí, ẹ ṣọ́ra.

Ìdí tí mo fi gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi sunkún yẹn, mo gbé òṣùwọ̀n náà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ní kó máa wọn ìbàdí. Okùn ìwọ̀n àwọn télọ̀ dára: ẹ dúró, ẹ mí síta, ẹ fi í yí ikùn ká láàárín ìhà tó gbẹ̀yìn àti eegun ìbàdí, ẹ má fà á le. Sẹ̀ǹtímítà 80 ni ààlà tí wọ́n máa ń lò fún obìnrin nílẹ̀ wa, bó bá ti kọjá ibẹ̀, ọ̀rá inú ikùn ti ń pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kó kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá wá sílẹ̀, kó kọ iye àtẹ̀gùn tó ń gùn kó tó máa mí helehele.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní ìwọ̀n tòun tẹ́lẹ̀. Ó ká bùbá rẹ̀ sókè, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ìyá wa sín fún un hàn mí, wínníwínní, aláwọ̀ búlúù àti funfun. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ti ń ki í lára, ó ń fi àmì sí i níbàdí. Lọ́jọ́ tó ń sunkún nítorí kílò kan yẹn, ó ti ń yọ̀ bọ́ sí ìdí rẹ̀, kò sì kíyè sí i.

Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá báyìí. Ó ṣì ń rìn láàárọ̀, ó ti fi iṣẹ́ orí àga kún un ní Tuesday àti Friday. Nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá lóṣooṣù géérégé, àmọ́ kì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mọ́. Ó ti tún okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà so lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó yọ kúrò lórí rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn rẹ̀. Mo kà wọ́n nígbà tí mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹyọ mẹ́rìnlá ni.